Ìlú Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Tẹ̀dó Sínú Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Trans-Amadi, ní Port Harcourt, tó wá lọ ra kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́rin, bàbá wa kò bá a jà. Ìgbàkígbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá dọ̀bálẹ̀ kí i, "Hùn" ló máa ń dá a lóhùn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ bàbá wa á mọ̀ pé ìyẹn burú ju ìjà lọ.

Ará Ọ̀fà ni bàbá wa. Abọ́ tánganran ló ń tà ní ọjà Mile One láti ìgbà tí wọn kò tíì bí èyíkéyìí nínú wa. Ó ti dá a lójú pé ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ àkọ́bí, ni yóò gba ìsọ̀ lọ́wọ́ òun. Torí kó lè mọ ọjà í ṣe dáadáa ló ṣe rán an nílé-ìwé. Kò mọ̀ pé ìwé yóò gbé e gba ọ̀nà ibòmíràn lọ.

Ìparí àwọn ọdún 1990 ni mò ń sọ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi gba yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò jìnnà sí ìsọ̀ bàbá wa, ó kọ ọ́ sára pátákó pé ibẹ̀ la ti ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mi, n kò sì rí iṣẹ́, ó bá ní kí n wá máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní títẹ̀wé. Iná ọba kì í dúró. Epo tí a ó bù sínú jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n bí ojú, ní ìlú tí wọ́n ti ń fa epo. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń gun àtẹ̀gùn wá bá wa. Nínú gbogbo wọn, bàbá wa nìkan ni kò gùn ún.

Títẹ̀wé máa ń sú ènìyàn. Ẹni tó bá ń tẹ lẹ́tà kan náà ní àtẹ̀túntẹ̀, oorun á gbé e lọ, àgàgà lọ́sàn-án tí ooru Diobu, àdúgbò wa, bá mú. Ẹ̀gbọ́n mi rí i bẹ́ẹ̀, ó bá jókòó ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ó kọ eré kan sínú kọ̀ǹpútà. Ó fi wáyà so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tí ẹni tó wà níbí bá ṣe, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á rí i. Eré náà kò ní àwòrán kankan, ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ìlú kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, ìlú náà ní ọjà, ó ní oko, ó ní igbó. Àìsàn ti wọ ìlú, ewé tó lè wò ó sì wà lórí òkè kan ní òdìkejì odò. Oníkálukú á yan irú ẹni tó wù ú láti jẹ́: ọdẹ, oníṣòwò, oníṣègùn, jagunjagun, tàbí olè pàápàá. Á ra oúnjẹ àti omi lọ́jà, á sì mú ọ̀nà odò pọ̀n. Ohun tó bá fẹ́ ṣe, á tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á sì sọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ fún un. Pijin ni ẹ̀gbọ́n mi fi kọ ọ́, torí òun ni èdè tí gbogbo ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn wa gbọ́. Èmi tìkára mi, Pijin ni mo fi ń lálàá nígbà náà. Bàbá wa ló máa ń fi dandan lé Yorùbá nínú ilé.

Èmi yan olè. Nílé wa, èmi lọmọ tí wọ́n máa ń ní kí àwọn yòókù wò kí wọ́n fi kọ́gbọ́n, ó sì wù mí kí n mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó bá burú díẹ̀. Mo wọ ilé opó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Kọ̀ǹpútà sọ fún mi pé opó náà ń sùn, àti pé àpò rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù. Ohun tí mo rí pé ọwọ́ mi tẹ̀ ni "Mama, good evening." Opó jí, wọ́n sì mú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Olè tó ń kí onílé! Wọ́n ti kọ́ ẹ nílé jù!"

Ọkùnrin Ìgbò kan wà tó ń ta táyà nísàlẹ̀ ilé náà gan-an. Ó ní ọjà títà ti sú òun, òun fẹ́ jẹ́ oníṣègùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọjà inú eré, tí kọ̀ǹpútà dá iye lé iṣu, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé, "Oga, how much last?" Kọ̀ǹpútà fèsì pé òun kò gbọ́ ohun tó sọ. Ó tún un tẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ síbẹ̀. Onítáyà bá tẹ̀ ẹ́ pé òun ti ń lọ o, ó sì ti àga rẹ̀ sẹ́yìn ní tòótọ́, ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó wá ń fi igun ojú wo kọ̀ǹpútà bóyá yóò pe òun padà. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ yìí kò mọ ọjà, kò sì mọ ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní láti lọ kọ́ kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń nájà kí ọkùnrin náà tó lè sinmi.

Ẹnì kẹta tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin àgùnbánirọ̀ kan, ọmọ Èkìtì, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé girama kan nítòsí wa. Tó bá ti kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ tán, á wá pẹ̀lú kaki rẹ̀ lọ́rùn, á jókòó sí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn lọ. Ó yà wá lẹ́nu pé jagunjagun ló yàn, pẹ̀lú idà àti asà. Ṣùgbọ́n kò mọ eré náà í ṣe, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa rò. Kò kọjá odò rí. Ìgbàkígbà tó bá dé etí odò, kọ̀ǹpútà á sọ pé òùngbẹ ti gba agbára rẹ̀, omi sì ti gbé e lọ.

"Soldier wey no fit cross water!" ni Onítáyà máa ń sọ.

Àgùnbánirọ̀ á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé fún un bó ṣe yẹ kó ṣọ́ omi rẹ̀ lò kó lè tó o dé odò. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, àǹtí." Omi tún gbé e lọ lọ́jọ́ kejì.

Ẹnìkan ló lọ sọ fún bàbá wa pé ọmọ rẹ̀ ń kó àwọn ènìyàn jọ sókè, wọ́n ń ta tẹ́tẹ́. Lẹ́yìn ìrun alaásárì, a gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kí n tó rí ojú rẹ̀ ni mo ti mọ bàtà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá wa wo àwọn kọ̀ǹpútà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ni wọ́n ń ta níbí?"

"Baba, a kì í ta tẹ́tẹ́. Eré ni."

"Eré. O fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí eré."

Onítáyà ló dìde, ó fa àga tirẹ̀ fún un. Òun àti bàbá wa ti jọ wà nínú ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. "Baba, siddon see am first," ló wí. "Na you go judge."

Nítorí ojú Onítáyà ni bàbá wa fi jókòó. Mo jókòó tì í kí n lè máa bá a tẹ ohun tó bá ní kí n tẹ̀. Mo ka àwọn iṣẹ́ tó lè yàn sí i létí, mo bi í pé kí ló fẹ́ jẹ́.

"Kí ni mo tún fẹ́ jẹ́? Oníṣòwò ni mí."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó wọ ìlú.

"Bi wọ́n léèrè ilé àgbà ìlú, kí n lọ kí i ná."

Mo tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà ní òun kò gbọ́. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. "Baba, kò sí àgbà níbẹ̀."

Bàbá wa yí orí padà díẹ̀díẹ̀. "Ìlú wo ni kò ní àgbà?"

Ó ní kí n máa lọ sọ́jà. Ó nájà níbẹ̀ débi pé Onítáyà pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ra iṣu, ó ra omi, a sì bọ́ sọ́nà.

Ọ̀nà odò gba ẹ̀gbẹ́ igi ńlá kan kọjá. Abẹ́ igi yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi ọkùnrin kan sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń tọrọ omi lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi fi í síbẹ̀ láti dán ọgbọ́n wa wò ni. Bí o bá fún un lómi, tìrẹ kò ní tó ọ mọ́, odò á sì gbé ọ lọ. A ti mọ̀ ọ́n, kò ṣòro. A ó tẹ "sorry o" fún un, a ó sì kọjá.

"Fún un lómi," ni bàbá wa wí.

"Baba, omi yìí ò ní tó yín mọ́ o."

"Mo ní fún un lómi. Bi í pé níbo ló ti ń bọ̀."

Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ìyẹn.

"Bi í bóyá ó ti jẹun."

Kò gbọ́ ìyẹn náà.

"Ó dáa. Fún un níṣu, kó má baà jẹ́ pé ojú ń tì í láti sọ."

Mo fún un níṣu. Nígbà tí a dé odò, ohun tí mo ti mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Onítáyà mí kanlẹ̀. Mo sọ fún bàbá wa pé ó ti pàdánù.

"Kí ni mo pàdánù?" ló bi mí, kì í sì í ṣe pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Ìgbà yẹn ni àgùnbánirọ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Baba, èmi náà máa ń fún un."

Gbogbo wa yíjú sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Fún ta ni?"

"Ọkùnrin abẹ́ igi yẹn."

"Ìgbà wo?"

"Gbogbo ìgbà tí mo bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Ohun tí o kì í fi í kọjá odò nìyẹn?"

"Ó tọrọ omi ni," ló wí, bí ẹni pé ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi kò fi bẹ́ẹ̀ yé e.

Bàbá wa wò ó, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí àwa ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní kò pẹ́ tí ogun abẹ́lé parí lòun kọ́kọ́ ń bọ̀ ní Port Harcourt, ọ̀dọ́mọkùnrin lòun, òun jókòó sórí ẹrù abọ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ibà mú òun lọ́nà. Nígbà tí ọkọ̀ bàjẹ́ nítòsí Isiokpo, awakọ̀ rò pé òun yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá sọ òun àti ẹrù òun kalẹ̀ sí etí títì. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń wo òun. Obìnrin kan tó ń ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀ ló sọ ẹrù tirẹ̀ kalẹ̀. Ó fún òun lómi. Ó pe àwọn ènìyàn, wọ́n gbé òun lọ sílé rẹ̀, ibẹ̀ lòun sì wà títí ara òun fi yá.

"N kò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi," ni bàbá wa wí. "Kò sì bi mí ní ẹ̀yà mi. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà yẹn o! Nígbà tí mo padà lọ wá a pẹ̀lú abọ́, wọ́n ní ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé níbòmíràn. N kò fojú kàn án mọ́."

Ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Fi àgbà sínú ìlú rẹ."

"Ó dáa, Baba."

Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ló gùn jù lọ nínú èyí tó jáde láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi kò jáde nínú yàrá rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Nígbà tí bàbá wa tún wá, àgbà ti wà ní ìlú, ó ń gba ìkíni. Bàbá wa kí i, ó ra ẹrù rẹ̀, ó mú ọ̀nà pọ̀n, ó sì fún ọkùnrin abẹ́ igi lómi. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà dìde. Ó ní òun mọ ibi tí odò kò ti jìn, kí ó máa tẹ̀ lé òun. A kọjá odò! Onítáyà hó yè, èmi náà hó. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ojú bàbá wa, bí ọmọ tó gbé iṣẹ́ ilé-ìwé wá fún tíṣà.

Bàbá wa kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kó san án padà?"

"Baba, mo fẹ́ kí ẹ dé òdìkejì ni."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́la, gbogbo wọn yóò máa fún un lómi, torí wọ́n ti mọ̀ pé ó mọ odò. Ìyẹn kì í ṣe àánú mọ́. Ọjà ni. Èmi mọ ọjà."

"Ṣé ẹni tó ṣoore kò wá gbọ́dọ̀ rí oore ni?"

"Ó lè rí i. Kó má ṣáà mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun yóò rí i."

"Baba, bí gbogbo ẹni tó ṣàánú bá ń kú sómi, ta ni yóò tún ṣàánú nínú eré yìí?"

"Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn ń ṣe é. Ṣé ẹnikẹ́ni ṣèlérí nǹkan fún un ni?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ń jà, wọ́n ń nawọ́ sí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan kò jẹ́ kí èkejì parí ọ̀rọ̀. Ìyá wa dá nìkan tọ́jú ìsọ̀ títí, ó bá wá ọkọ rẹ̀ wá. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, mo dìde kí n lè lọ bá a là wọ́n. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó tú gèlè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wé e padà jẹ́jẹ́.

"Fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀."

Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé nígbà mìíràn ọkùnrin náà yóò mọ odò, nígbà mìíràn yóò kàn dúpẹ́, nígbà mìíràn yóò mu omi rẹ̀ tán, yóò sì sùn. Kò sí ẹni tó lè mọ èyí tí yóò ṣẹlẹ̀. Bàbá wa ní báyìí ni òun ṣe rí i láyé.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n bá dé abẹ́ igi. Onítáyà máa ń fún un ní ìlàjì omi, lẹ́yìn tó bá ti bá a nájà díẹ̀. Èmi máa ń wo ojú ẹni tó jókòó tì mí kí n tó pinnu. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ènìyàn lè di ẹnikẹ́ni tó bá wù ú. N kò rí i bẹ́ẹ̀. A lè pààrọ̀ iṣẹ́, kí a gbé idà. Ara wa náà la ṣì gbé wọ ìlú. Ẹni tó kọ eré náà kò sì bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kó tó yé mi pé ẹ̀gbọ́n mi kò gbàgbé láti fi àgbà sínú ìlú rẹ̀. Àgbà kan ló ń sá fún nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ dó. N kò sọ ọ́ fún un rí.

Iṣẹ́ kì í gba ẹ̀gbọ́n mi láyè tẹ́lẹ̀ láti sin akẹ́kọ̀ọ́ dé ìsàlẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sin àgùnbánirọ̀ dé ibi tó ti ń wọ ọ̀kadà, á sì pẹ́ kó tó padà gòkè. Nígbà tí ọdún ìsìnlú rẹ̀ ń parí lọ, bàbá wa ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nídìí oúnjẹ. "Ọmọbìnrin tó ń fúnni lómi yẹn, ṣé yóò padà sí Èkìtì ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò mọ̀.

"Kí ló dé tí o kò mọ̀?"

Àwọn òbí ọmọbìnrin náà kò kọ́kọ́ fẹ́ kó fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n, Mùsùlùmí ni wá, Port Harcourt sì jìnnà sí wọn. Bàbá wa ti ìsọ̀, ó wọ mọ́tò lọ sí Èkìtì fúnra rẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé e. Bàbá ọmọ náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, bi í léèrè pé kí ló mọ̀ nípa ọmọ òun tó bẹ́ẹ̀ tó fi rin irú ìrìn báyìí. Bàbá wa jókòó, ó sọ ọ̀rọ̀ eré náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó fi ọwọ́ júwe odò, ó fi ọwọ́ júwe igi. Ìyá ọmọ náà kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá ó dákẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti kékeré, pé oúnjẹ tí òun bá dì fún un lọ sílé-ìwé, ẹlòmíràn ló ń jẹ ẹ́. Iyán ni wọ́n fi ṣe wá lálejò. Wọn kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a tún padà wá.

Nínú mọ́tò tí à ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi jókòó láàárín wa. Bàbá wa ń wo ìta, mo rò pé oorun ń kùn ún. Ó ṣàdédé ní yàrá òkè yẹn ti kéré jù fún àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn. Ó ní ẹ̀yìn ìsọ̀ òun ní àyè, kìkì páálí ló kún ibẹ̀.

"Bí a bá fa wáyà yẹn dé ibẹ̀, ṣé yóò ṣiṣẹ́?"

"Yóò ṣiṣẹ́, Baba. Ṣùgbọ́n a ní láti wó ògiri àárín."

"Ògiri wo? Èyí tó kọjú sí gọ́tà?"

"Rárá, tòdìkejì."

"Tòdìkejì kọ́," ni bàbá wa wí, ó sì fi ìka ya ìsọ̀ náà sórí itan ara rẹ̀ kí ó lè fi hàn án.